Ohùn Tó Ṣẹ́kù Létí Màámi

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura. Mo ṣì wà ní yunifásítì nígbà náà, mo sì wálé láti sọ fún màámi pé owó ẹ̀kọ́ ti tó san. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ẹ̀fọ́ wo? Ṣebí ẹ̀fọ́ la jẹ lánàá." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, mo ní mò ń lọ síta, wọ́n sì bi mí pé kí ló ṣe mí níka. Nínú ilé wa, a máa ń sọ pé ohun tó bá wu màámi nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Èmi náà sọ ọ́, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ẹlẹ́rọ ni màámi. Ọdún 30 ni wọ́n fi lọ ata, ẹ̀wà àti ògì fún àwọn ará Ọjé, n'Ìbàdàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì dísẹ̀lì tó ń pariwo débi pé ìka làwọn oníbàárà fi ń júwe iye owó. Bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ lálẹ́, wọ́n á ní etí àwọn ṣì ń hó. A rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni.

Ọjọ́ pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú etí wọn. Ẹ wo èrò tó fún mọ́ra lọ́jà. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn bá ti ẹni iwájú rẹ̀, títì náà á ràn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà níwájú pátápátá, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kúrò níbi tó dúró sí. Bí ìró ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá nìyẹn. Nǹkan á gbọ̀n, á ti afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ọn, ìyẹn á ti èyí tó tẹ̀ lé e, ìgbì náà á sì máa sáré lọ ní nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí mànàmáná fi ń kọ kí àrá tó sán sí wa létí. Ohun tó bá gbọ̀n nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á nípọn. Èyí tó bá gbọ̀n ní 3,000, ohùn rẹ̀ á ròkè, á sì tín-ín-rín. Etí ọ̀dọ́ tó pé lè gbọ́ láti nǹkan bí 20 títí dé 20,000.

Awọ kan wà nínú etí tó fà bí awọ gángan. Tí ìgbì bá lù ú, eegun wẹ́wẹ́ mẹ́ta á gbé ìlù náà wọ inú ihò tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, tí omi kún inú rẹ̀. Níbẹ̀ ni nǹkan bí 15,000 sẹ́ẹ̀lì onírun tò sí. Georg von Békésy, ọmọ Hungary tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1961, ló fi hàn wá bí ìgbì ṣe ń rìn níbẹ̀: ohùn òkè ń parí sí ẹnu ọ̀nà, ohùn ìsàlẹ̀ ń wọlé lọ dé ìkángun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà ni ariwo àti ọjọ́ ogbó kọ́kọ́ ń pa, èyí tó bá sì kú lára ènìyàn kì í hù mọ́. Ti adìẹ máa ń hù padà. Mo máa ń rántí àwọn adìẹ tó ń ṣa ẹ̀wà jẹ lábẹ́ ẹ̀rọ màámi, nínú ariwo kan náà.

Òkè ni ìró *f*, *k*, *s* àti *t* pọ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n dò, re, mí tí èdè wa rọ̀ mọ́, ìsàlẹ̀ ló wà; ohùn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí 200. Dò-mí ni ẹ̀kọ́, dò-mí ni ẹ̀fọ́. Dò-re ni ìka, dò-re ni ìta. Màámi ń gbọ́ orin ọ̀rọ̀ wa ketekete. Èyí tó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ló ti sá lọ.

Ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi ló yé mi. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe màámi, wọn ò mira. Onígángan wọlé, ó fún ọ̀ṣán mọ́ ìhà, ó tú u sílẹ̀, ó pe Àbẹ̀kẹ́, màámi sì ti dìde kí ó tó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Gángan kò ní *f*, kò ní *k*. Dò-dò-mí ni Àbẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni Àdùkẹ́ àti Àṣàkẹ́, ìdí nìyẹn tí onílù fi máa ń fa oríkì gùn títí yóò fi bá ẹnì kan ṣoṣo mu. Láti kékeré ni màámi ti mọ bí a ṣe ń gba inú ohùn wá ọ̀rọ̀ rí. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé lójoojúmọ́ nìyẹn, tí a sì ń pè é ní àìfẹ́ gbọ́.

Nígbà tí mo mú wọn lọ yẹ etí wò, ìlà tí dókítà fà sórí ìwé tẹ́jú lápá ohùn ìsàlẹ̀, ó wá já wálẹ̀ lápá ti òkè. Láti ìgbà náà, iwájú wọn ni mo ti ń dúró sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè rí ètè mi. Ariwo tó tó nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 ni àwọn onímọ̀ ní kí etí má gbà jù lójúmọ́. Bó bá fi 3 lé, kí àkókò náà dín sí ìdajì. Mo ra ìbotí fún ọmọkùnrin tó ń bá wọn lọ ata báyìí. Ọrùn ló máa ń fi kọ́, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohun tí oníbàárà ń wí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màámi dìde lórí àpótí, wọ́n gbé ìbotí náà kúrò lọ́rùn ọmọ náà, wọ́n fi bo etí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì yí padà sí oníbàárà, wọ́n na ìka mẹ́ta sókè.