Òfin Sìgá Nínú Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ àti Nínú Ilé Wa

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ìsinmi ilé-ìwé tún ti ń sún mọ́lé. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní Houston àti agbègbè rẹ̀ ti ń bi ara wa léèrè ọkọ̀ ojú omi wo la máa kó àwọn ọmọ wọ̀ láti èbúté Galveston. Àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, Southampton ni tiwọn. Owó ọkọ̀ la kọ́kọ́ ń bèèrè, oúnjẹ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ibi ìṣeré ọmọdé. Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kó ṣáájú gbogbo wọn: ibo ni wọ́n ti ń mu sìgá nínú ọkọ̀ náà, kí ni wọ́n sì ń ṣe fún ẹni tó bá mu ún níbi tí kò yẹ? Mo ń bèèrè nítorí èémí àwọn ọmọ wa. Mo tún ń bèèrè nítorí pé ọmọ máa ń wo òfin tí àgbà ń pa mọ́ àti èyí tí àgbà ń fò kọjá, ibẹ̀ ló sì ti ń kọ́ ohun tó máa ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé kò sí òfin kan ṣoṣo tó de gbogbo ọkọ̀ ìgbafẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó ń gbéra láti Amẹ́ríkà kì í ṣe ọkọ̀ Amẹ́ríkà nínú ìwé; àsíá Bahamas, Panama tàbí Bermuda ló wà lórí wọn. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu fúnra rẹ̀ ibi tí wọ́n ti lè mu sìgá. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti fẹnu kò lórí nǹkan méjì: kò sí sìgá nínú yàrá, kò sì sí lórí bákónì tí èèyàn ti ń jókòó wo òkun. Kò tíì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kínní ọdún 2012 ni ilé-iṣẹ́ Princess fòpin sí sìgá lórí bákónì. Royal Caribbean ṣe tirẹ̀ ní oṣù Kínní ọdún 2014, Carnival ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ lè ṣílẹ̀kùn kí ọmọ rí atẹ́gùn òkun gbà, kó jẹ́ èéfín aládùúgbò ló máa kọ́kọ́ wọlé.

Iná ló fi han aráyé pé bákónì kì í ṣe ìta gbangba. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2006, ọkọ̀ Star Princess ń ti Grand Cayman lọ sí Montego Bay ní Jàmáíkà. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, nígbà tí èrò ti sùn, iná sọ lórí bákónì kan. Àwọn olùwádìí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò sọ pé àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ àjókù sìgá tí ẹnì kan sọ nù ló bọ́ sórí nǹkan tó lè gbiná níbẹ̀. Ike ni wọ́n fi pààlà láàárín bákónì kan sí èkejì. Ike náà ń jó, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ ẹ, iná sì ń fò láti àjà kan dé òmíràn. Èrò kan kú. Èéfín ṣe àwọn 13 mìíràn léṣe. Yàrá 79 bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, àwọn mìíràn tó lé ní 200 sì fara gbá a. Lẹ́yìn náà ni àjọ IMO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi lágbàáyé, yí òfin padà nípa irú ohun tí wọ́n lè lò lórí bákónì àti ẹ̀rọ tó gbọ́dọ̀ máa ta èèyàn lólobó nígbà tí iná bá sọ níbẹ̀.

Ẹni tó ju àjókù náà, bí ìwádìí yẹn bá tọ̀nà, kò ní i lọ́kàn láti pa ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe kó ti sùn lọ fọnfọn. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù nínú ìtàn náà. “Ṣebí ìta ni mo wà” ni gbogbo amusìgá ń wí, a sì máa ń gbà á fún wọn bẹ́ẹ̀, ní fàráńdà wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá tí ọmọ ìkókó sùn sí. Ilé-iṣẹ́ Princess pàápàá, tó ni ọkọ̀ tó jóná, lo nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn iná náà kó tó fòfin de sìgá lórí bákónì. Ó pẹ́ jù, lójú tèmi.

Nípa ìtanràn, wọn kò dọ́gba. Carnival ń gba 500 dọ́là lọ́wọ́ ẹni tó bá mu sìgá nínú yàrá tàbí lórí bákónì. 250 dọ́là ni Royal Caribbean àti Disney kọ sínú ìlànà tiwọn, owó tí wọ́n máa fi fọ yàrá ni wọ́n pè é. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fura sí ni pé orí àkáǹtì yàrá ni wọ́n ń kọ owó yìí sí. Wọn kì í wá ọmọ kiri láti gba 500 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀. Òbí tó gba yàrá ni wọ́n mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa sì ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní vape, èyí tí kì í rùn bíi sìgá, tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú àpò ìwé. Ọ̀kan náà ni sìgá àti vape lójú òfin àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Igbó ńkọ́? Bí wọ́n tilẹ̀ rà á ní ìpínlẹ̀ tí òfin ti fàyè gbà á, kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀, nítorí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà á, àwọn ọkọ̀ sì lè lé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó di ẹrù, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2019, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ta sìgá tàbí vape fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ibi tí ìyàtọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ti hàn jù lọ ni kàsínò, ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́. Disney kò ní kàsínò rárá nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀. Celebrity ní in, ṣùgbọ́n wọn kì í mu sìgá níbẹ̀. Carnival àti Norwegian ṣì ń fàyè gba ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ láti mu sìgá ní apá kan. Ẹ lè sọ pé kí ló kàn wá, ṣebí ọmọdé kì í wọ kàsínò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ kàsínò ni ọ̀nà gbà lọ sí ibi oúnjẹ tàbí gbọ̀ngàn eré, kò sì sí ògiri tó dí èéfín. Ní ọdún 2006 kan náà tí Star Princess jóná, ọ̀gá àgbà ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde pé kò sí ìwọ̀n èéfín sìgá ẹlòmíràn tí kò léwu, àti pé yíya amusìgá sápá kan nínú ilé kan náà tàbí lílo ẹ̀rọ atẹ́gùn kò lè mú ewu náà kúrò. Ọmọ tó ní ikọ́ fée kò nílò kó jókòó ti tábìlì tẹ́tẹ́ kí ikọ́ náà tó gbé e dè. Kó kàn gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ti tó.

Bí ọmọ yín bá ní ikọ́ fée, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ yan ọkọ̀ tí kò sí sìgá nínú gbogbo inú ilé rẹ̀, bí owó rẹ̀ bá tilẹ̀ gun yín lápá díẹ̀. Kí ẹ dín ọjọ́ ìrìn àjò kù, ó sàn ju kí ẹ máa sáré wá oògùn lójú agbami.

Ọkọ̀ kan wà nígbà kan tó ju gbogbo wọn lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Paradise lorúkọ rẹ̀, Carnival ló ni ín, ọdún 1998 ni wọ́n gbé e jáde. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí èèyàn ti lè mu sìgá, ìbáà ṣe lókè gbangba. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kàn án ní Helsinki pàápàá kò gbọdọ̀ mu sìgá nínú rẹ̀. Èrò tó bá mu sìgá máa san 250 dọ́là, wọ́n á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní èbúté tó bá kàn, kó wá owó ara rẹ̀ wọkọ̀ padà sílé. Wọ́n sì sọ àwọn èèyàn kalẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ìdílé tó ní ọmọ aláìlera fẹ́ràn ọkọ̀ náà gidigidi. Ní ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ náà pa òfin yẹn tì. Kì í ṣe pé òfin náà kò ṣiṣẹ́. Owó ló fà á, nítorí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ náà kì í náwó púpọ̀ sórí ọtí àti tẹ́tẹ́. Ilé-iṣẹ́ lè fi owó wọn òfin, a kò lè dá wọn lẹ́bi púpọ̀. Àwa òbí kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀.

Nílé tiwa, ohun tó ń mú wa fi òfin sílẹ̀ ni ìtìjú àgbà. Àbúrò bàbá dé, ó jókòó ní fàráńdà, ó ṣáná sí i. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀ kí i, èéfín ń lọ sí wọn lójú. Ìyá rí i, bàbá rí i, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀, nítorí àgbà ni, àlejò sì tún ni. Ọmọ tó bá wúkọ́ ni wọ́n á ní kó lọ ṣeré lẹ́yìnkùlé. Bí ọmọ náà bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èéfín yẹn ń dà mí láàmú,” a lè bá a wí pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan, ọmọ obìnrin kan nínú àwọn ojúlùmọ̀ wa rí òṣìṣẹ́ kan tó rọra tọ bàbá arúgbó kan lọ, tó fi ibi tí wọ́n ti ń mu sìgá hàn án, tí bàbá náà sì dìde láìbínú. Ó bi ìyá rẹ̀ léèrè pé: “Mọ́mì, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àlejò wa?” Ìyá náà kò rí èsì fọ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo wa wá èsì sí i.

Èyí tí mo rí ni pé ọkọ̀ kò sọ òfin náà di ọ̀rọ̀ láàárín ọmọdé àti àgbà. Ó ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ẹni ọdún 70 àti ẹni ọdún 22, ọ̀kan náà ni. Wọ́n tún ṣe ohun kan tó wù mí: wọ́n wá ibi kan fún amusìgá, wọ́n gbé àga síbẹ̀, wọ́n gbé àwo eérú síbẹ̀, wọn kò tàbùkù rẹ̀. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òbí ni kó sọ ọ́, kì í ṣe ọmọ, kó sì sọ ọ́ lórí fóònù kí àlejò tó dé: “Bọ̀dá, à ń retí yín o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, nítorí àwọn ọmọ, a kì í mu sìgá nínú ilé tàbí ní fàráńdà mọ́. A ti gbé àga sẹ́yìn gáréèjì fún yín.” Àgbà tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò rí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ kan ti mọ̀ pé èémí òun já mọ́ nǹkan lójú àwọn òbí òun, kò sì ní láti yájú sí ẹnikẹ́ni kó tó rí ààbò.

Ọ̀kan ṣì kù, èyí tó dùn mí jù. Nílé ní Nàìjíríà, a ṣì ń rán ọmọ ra sìgá. “Gba owó yìí, sáré lọ bá mi ra ẹyọ méjì wá.” Ọmọ ọdún mẹ́jọ á sáré lọ, á gbà á lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà, á sáré padà, a ó sì kí i pé ọmọ dáadáa tó gbọ́ iṣẹ́ ni. Òfin ìṣàkóso tábà ti ọdún 2015 ní Nàìjíríà sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ta sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tà á. Ó tún sọ pé wọn kò gbọdọ̀ máa tà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Iṣẹ́ kékeré tí a rán ọmọ yẹn ti rú òfin lọ́nà méjì kó tó padà délé. Ọwọ́ ọmọ náà sì ti mọ sìgá kí ẹnu rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ìgbọràn, tí a fi ń yin ọmọ, ni a fi mú un mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wọkọ̀, ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà kí ẹ tó sanwó. Ẹ bèèrè nípa ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀ gan-an, nítorí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà lè yàtọ̀ síra. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi sìgá hàn yín nínú àwòrán ọkọ̀, kí ẹ wo bó ṣe jìnnà sí adágún ìwẹ̀ àwọn ọmọdé, kí ẹ sì gba yàrá tó jìnnà sí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, mo bẹ̀ yín, ẹ má rán ọmọ ra sìgá mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí àlejò kankan rán an.