Ẹ Pín In Kó Tó Dé

Wásinmi,
Ọ̀nà Abẹ́òkúta.

Táyé àti Kẹ́hìndé, ẹ̀jìrẹ́ mi,

Bàbá yín ń ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́ orin yín tí àwọn ọlọ́kadà ń fi fóònù gbé kiri ní gáréèjì, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ tó ń kùn ún nígbà tó ń wẹ̀.

Mo ti ka ìwé àdéhùn tí ẹ yà ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Kí n tó sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú yín.

Ní 1948 ni wọ́n bí Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, ìbejì olórin bíi tiyín, ní Jọ́ọ̀sì; Ìbàdàn ni wọ́n ti dàgbà. Ìbátan Fẹlá ni wọ́n, Fẹlá ọmọ Ransome-Kuti tí wọ́n bí l'Abẹ́òkúta wa níbí. Ní 1968 ni wọ́n ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù wọn àkọ́kọ́ fún Decca. Láàárín 1976 sí 1979, wọ́n gbé àwo ńlá mẹ́rin jáde lábẹ́ Afrodisia: Danger, Mother Africa, Sunshine àti Horizon Unlimited. Láyé ìgbà yẹn, ọkùnrin ló sábà ń léwájú ẹgbẹ́ olórin, obìnrin kàn sábà ń gbè lẹ́yìn wọn ni. Àwọn méjì yìí kọ orin tiwọn, wọ́n sì dúró níwájú kọ ọ́. Kódà, wọ́n kọrin dé Munich ní Jámánì nígbà Òlíḿpíìkì 1972.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé owó ti yí wọn ká. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ fún àwọn oníròyìn pé èrè iṣẹ́ wọn kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n kọjá sí New York. Ní 1996 Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, orí ìtàgé sì di ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ní 2006, Nas tó ń kọ ráàpù l'Amẹ́ríkà fi orin wọn Life's Gone Down Low ṣe tirẹ̀ láìdárúkọ wọn. Ohùn wọn ń dún káàkiri ayé, owó rẹ̀ ò mọ̀nà ilé wọn. Kẹ́hìndé kú ní 2019. Ní 2024, Táíwò nìkan ló kù láti bá ilé iṣẹ́ Numero Group ṣètò títún àwọn àwo náà gbé jáde. Ṣùgbọ́n títí ikú fi dé, wọn ò pínyà.

Ẹ wá wo P-Square, àwọn náà ìbejì olórin. Jọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n ti bí Peter àti Paul Okoye. Ẹ̀rín á pa yín: àwọn náà gbé Danger jáde ní 2009, wọ́n gbé Double Trouble jáde ní 2014, bẹ́ẹ̀ Double Trouble ni ilé iṣẹ́ Shanachie ti sọ àwo àwọn Lijadu l'Amẹ́ríkà láti 1984. Àwọn ní tiwọn rí owó. Glo fi wọ́n ṣe aṣojú, Akon bá wọn kọ Chop My Money, pápá ìṣeré ń kún nítorí wọn káàkiri Áfíríkà. Síbẹ̀ wọ́n pínyà ní 2017. Wọ́n parí ìjà ní 2021. Nígbà tó di 2024, wọ́n tún ń bá ara wọn fà á ní gbangba lórí ẹni tó kọ orin.

Àwọn kan rí ara wọn, wọn ò rí owó. Àwọn kan rí owó, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n má rí ara wọn mọ́. Èmi fẹ́ kí ẹ̀yin rí méjèèjì. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń dá àjọ lọ́jà: a kì í dúró dìgbà tí owó bá pé ká tó sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó o. Ìsinsìnyí tí kò tíì sí nǹkan kan ni kí ẹ pín in.

Ìwé méjì ló wà níwájú yín. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ ò tíì kọ, ti àárín ẹ̀yin méjèèjì. Ta ló ń kọ ọ̀rọ̀? Ta ló ń gbé ohùn rẹ̀ kalẹ̀? Iye wo ló kan kálukú? Bí ọ̀kan bá lọ ilé ọkọ tó ní òun ò kọrin mọ́ ńkọ́? Nílé, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Nínú orin, kò sí ẹ̀gbọ́n.

Èkejì ni èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ti bọ̀ọ̀dá tó fẹ́ gbé yín jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ló ka ẹ̀yin méjèèjì sí, ìpín kan ló sì yà sọ́tọ̀ fún yín. Ó ní orin di ti òun títí ayé. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022 ní ẹ̀tọ́ orí orin wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Ogún àwọn ọmọ-ọmọ yín nìyẹn, òun lẹ fẹ́ fi tọrẹ torí owó ọkọ̀ àti aṣọ ìtàgé. Ẹ wá lọ́yà kí ó bá yín kà á. Ẹ sì forúkọ orin yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń bá olórin gba owó ẹ̀tọ́ orin.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹ kì í jà. Àgbà ní bí ọmọ ìyá méjì bá wọ yàrá lọ tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín jáde, wọn ò sọ òótọ́ fún ara wọn ni. Nítorí náà, ẹ wálé lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Màá ro láfún, ẹ ó jẹun yó, ẹ ó sì wọ yàrá mi. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún, kó sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní jáde títí ẹ ó fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí èmi àti bàbá yín fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè ohùn yín, kí ẹ sì jọ jẹ ẹ́ pẹ́.

Èmi ni,
Màmá yín.