Ẹja Tútù, Ẹja Gbígbẹ

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa ní láti tútù ni a ti ń ká ẹja. Bí ó bá gbẹ tán, ṣíṣẹ́ ní í ṣẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní yunifásítì. Bí mo bá ń ṣe àlàyé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni mo máa ń so ó mọ́, gẹ́gẹ́ bí gbogbo olùkọ́ Yorùbá ti máa ń ṣe. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òwe náà yóò yí ojú sí èmi gan-an, àti pé ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún mi kò ní jẹ́ ọ̀mọ̀wé kankan, bí kò ṣe àbúrò mi tí ó ń ta pákó ní Ìlọrin níhìn-ín.

Ilé kan ṣoṣo ni bàbá wa fi sílẹ̀ nígbà tí ó lọ. Ilé alámọ̀ ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, ojú ọ̀nà ni ó sì kọjú sí. Àbúrò mi fẹ́ kí a tà á, nítorí pé owó rẹ̀ há mọ́ ibi òwò. Èmi fẹ́ kí a tún un kọ́, nítorí pé mo ń gba owó oṣù, mo sì lè fi ẹnu sọ ohun tí ó wù mí nípa ogún ìbí. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìwé lọ́yà. N kò ní purọ́ fún yín: èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni mo kọ́kọ́ gba kóòtù lọ, ní ọdún 2002. A kì í sì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Fún ọdún mẹ́ta gbáko ni a kò fi kí ara wa. Bí ọdún Iléyá bá dé, tí a bá pàdé ní Yídì, bí mo bá ti rí i ní ìlà kan ni n óò wá ìlà mìíràn lọ. Ọlọ́run nìkan ni ó mọ irú àdúrà tí a ń gbà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2005, ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ọmọ ilẹ̀ Kebbi, ní kí n bá òun lọ wo ọdún ẹja pípa ní ìlú òun, Argungu. Mo gbà, bí ẹni tí ó fẹ́ sá kúrò nílé fún ìgbà díẹ̀. A gba Jẹ́bà kọjá odò Ọya, a dé Mokwa, a dé Kontagora, a kọjá ní Yauri àti Jega, a wọ Birnin Kebbi. Ilẹ̀ ń pọ́n sí i, igi ń kúrú sí i, ọyẹ́ sì ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí a fi dé Argungu, àwọ̀ aṣọ mi kò yàtọ̀ sí ti ojú ọ̀nà mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ìdíje náà máa ń gbà, láàárín ìparí oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí odò bá ti fà. Odò tí wọ́n ń pè ní Matan Fada ni ojú agbo. Ní àwọn ọjọ́ ìṣáájú, eré orí omi tí wọ́n ń pè ní kabanci ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń du ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ, wọ́n ń lé pẹ́pẹ́yẹ igbó mú lójú omi, wọ́n sì ń fi ọwọ́ lásán mú ẹja lábẹ́ omi. Àwọn mìíràn ń jà ìjàkadì, àwọn kan sì ń kan ẹ̀ṣẹ́ ní àṣà ilẹ̀ wọn. Ọjọ́ ìkẹyìn ni ìdíje gan-an. Ẹni tí ẹja rẹ̀ bá wúwo jù ni ó borí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì tí a débẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún mi. Ìjọba Kebbi ti wà láti ayé Kanta, jagunjagun tí ó ya kúrò lábẹ́ Sọ́ńgáì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Nígbà tí Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ ogun jìháàdì ní 1804, Kebbi wà lára àwọn tí kò gbà fún un. Àwọn jagunjagun jìháàdì gba Birnin Kebbi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Kanta kó ara wọn jọ sí Argungu, wọ́n sì ń bá Sokoto àti Gwandu jagun títí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi dé. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bọ́ sí mi létí, ara mi bù máṣọ. Ta ni kò mọ ìtàn Ìlọrin wa? Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ké sí Álímì. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé ọmọ Álímì jọba, Ìlọrin sì di ara ilẹ̀ Sokoto. Gwandu gan-an ni Ìlọrin ń wo ojú rẹ̀ nígbà náà, Gwandu tí òun àti Argungu jọ wà ní ìpínlẹ̀ Kebbi kan ṣoṣo láti 1991. Ẹni tí ó jókòó tì mí yìí, ọmọ àwọn tí ó kọ̀ ni. Èmi, ọmọ ìlú tí ó gbà ni mí. Àwo tùwó kan náà ni a sì jọ ń jẹun nínú rẹ̀.

Ogun parí, ṣùgbọ́n inú kò tù. Ní ọdún 1934 ni Hassan dan Mu'azu, Súlútánì Sokoto, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Argungu. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òǹkàwé mi: ọmọ ọ̀tá àtayébáyé wá kí yín nílé, kí ni ẹ ó gbé kalẹ̀ fún un? Ìwé ẹ̀sùn ni àbí àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tí ó kú? Ẹja ni Argungu fi gba àlejò rẹ̀. Wọ́n pe gbogbo apẹja, wọ́n bọ́ sínú odò lójú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ọdún. Kò sí adájọ́ tí ó sọ pé ẹ̀gbẹ́ kan jàre. Ọ̀rẹ́ mi kò mọ ohun tí ó wà láàárín èmi àti àbúrò mi. Ìtàn ìlú rẹ̀ lásán ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n n kò sùn bọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn aláwọ̀ funfun náà ní irú ìdíje yìí. Ní Wedgeport, ní Nova Scotia ní ilẹ̀ Kánádà, ọdún 1937 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó apẹja láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ, kí wọ́n lè fi ọ̀pá ìwọ̀ figagbága lórí ẹja túnà lójú òkun fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ní Nova Scotia yẹn náà ni wọ́n ti fi ìwọ̀ fa túnà kan tí ó wọn kìlógíráàmù 679 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1979. Ẹja ńlá ni, kò sí iyè méjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi alẹ́ńjìnnì, okùn líle àti owó gọbọi ni irú eré bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ní Argungu, àgbẹ̀ tí kò ní ju ṣòkòtò pénpé kan lọ lè borí, bí ó bá ti ní àwọ̀n rẹ̀ àti akèrègbè rẹ̀. Àwọ̀n náà jẹ́ méjì tí a so pọ̀, tí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ bí ìyẹ́ labalábá. Akèrègbè ńlá tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ni apẹja ń gbé àyà lé kí ó má baà rì, inú rẹ̀ náà ni ó sì ń ju ẹja sí.

Nígbà tí ọjọ́ kẹrin pé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún apẹja tò sí ẹ̀bá odò. Ìbọn dún. Wọ́n sáré, wọ́n bẹ́ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, omi sì pòórá: orí ènìyàn àti akèrègbè nìkan ni a ń rí. Àwọn onílù wà nínú ọkọ̀, àwọn mìíràn ń mi akèrègbè tí a kó hóró èso sí, kí ariwo rẹ̀ lè lé ẹja wá sí ibi tí omi kò jìn. Wákàtí kan péré ni gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí wákàtí kan yìí ṣeé ṣe ni ó yà mí lẹ́nu jù. Láti ọdún dé ọdún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹja nínú apá odò náà. Ìdílé kan wà tí olórí rẹ̀ ń jẹ́ Sarkin Ruwa, olórí omi, tí ń tọ́jú odò. Ìdílé mìíràn wà tí olórí rẹ̀ ń jẹ́ Homa, tí ń ṣe olórí àwọn apẹja. Ìdí nìyí tí ẹja giwan ruwa, èyí tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ erin inú omi, fi ń dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ìyá ń wá ohun ọbẹ̀, odò wà lẹ́yìn ìlú, kò sì sí ẹni tí ó ju àwọ̀n sí i. Mo wá rò ó pé ìdíje wákàtí kan ni àlejò ń wò, ìfaradà odindi ọdún kan ni onílé mọ̀. Èmi àti àbúrò mi kò lè fara dà á fún oṣù kan kí a tó ju àwọ̀n sínú ogún bàbá wa.

Nítòsí ibi tí mo dúró, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti mú ẹja tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹja náà ń jà, akèrègbè rẹ̀ sì ti léfòó lọ. Bàbá àgbàlagbà kan tí òun náà ń díje, tí kò tíì mú nǹkan kan, fi àwọ̀n tirẹ̀ gbé ẹja náà nísàlẹ̀ títí ọmọ náà fi rí akèrègbè rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni ó yí padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ìbọn ìparí dún, ọwọ́ bàbá náà sì ṣófo. Ẹja tí ó gba ipò kìíní ní ọdún náà wọn kìlógíráàmù 75. Ọkùnrin mẹ́rin ni ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Gbogbo ènìyàn ń wo ẹja yẹn. Èmi ń fi ojú wá bàbá tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, n kò sì rí i mọ́.

Kí a tó padà, mo ra ẹja gbígbẹ ńlá kan ní ọjà Argungu. Nígbà tí a wọ Ìlọrin, n kò yà sílé. Ilé àbúrò mi ni mo lọ, pẹ̀lú eruku lára. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ojú rẹ̀ sì kún fún ìbẹ̀rù, bí ẹni pé mo mú ìwé ìpẹ̀jọ́ mìíràn wá. Mo gbé ẹja náà fún un. Ó gùn ju ìkòkò rẹ̀ lọ. Ó ń wá ohun tí yóò fi ṣẹ́ ẹ nígbà tí àbúrò mi jáde láti inú yàrá. A wo ara wa. N kò mọ ohun tí mo lè sọ, ni mo bá fi ẹ̀rín àbòsí sá sábẹ́ òwe, bí ìṣe àwa olùkọ́. Mo ní:

"Ṣé ìwọ náà rí i? Láti tútù ni à bá ti ká a. Ó ti gbẹ báyìí."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò bi àwọn tí ń se ọbẹ̀ léèrè ni. Bí ẹ bá rẹ ẹja gbígbẹ sínú omi gbígbóná, tí ẹ sì ní sùúrù, yóò rọ̀. Ẹ jókòó."

Mo jókòó. Wọ́n rẹ ẹja náà. Ó pẹ́ kí ó tó rọ̀, a kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀ kí ó tó rọ̀. Ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó ká sínú ìkòkò, a sì jẹ ẹ́.

N kò ní sọ fún yín pé ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ tán. Ó di ọdún 2006 kí a tó gbé ẹjọ́ kúrò ní kóòtù. A tún iwájú ilé náà kọ́, a sì fi ẹ̀yìn ilé tí ó ti wó fún un kí ó máa kó pákó sí. Ní ìgbà mìíràn, ohùn wa ṣì máa ń le. Ṣùgbọ́n ìlà kan náà ni a ń dúró sí ní Yídì.

Láti 2010 ni wọ́n ti dá ọdún Argungu dúró nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Àjọ UNESCO fi í sára ogún àṣà gbogbo ayé ní 2016, nígbà tí odò náà wà ní ìdákẹ́jẹ́. Àbúrò mi máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọn kò tíì ṣí odò yẹn ni? Èmi náà fẹ́ wò ó." N óò ní bí wọ́n bá ṣí i, a ó jọ lọ.

Ó kú ní ọdún 2019. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n ṣí odò náà padà, ẹja tí ó sì gba ipò kìíní wọn kìlógíráàmù 78. Inú ìwé ìròyìn ni mo ti kà á. Mo ká ìwé náà, mo fi í sápò, mo dìde kí n lọ sọ fún un. Ẹnu ọ̀nà ni mo dé kí n tó rántí.