Pọ́n-ùn Kan

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ eré mọ́tò ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò ní, "Kí ló kàn wá kan àwọn òyìnbó tó ń fi mọ́tò sáré yípo, tí wọ́n tún ń padà sí ibi tí wọ́n ti gbéra?" Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé Northampton nílùú Ọba. Pápá Silverstone kò jìnnà sí wa rárá. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti ń sáré níbẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn tètè dé òde àríyá.

Ọmọ mi obìnrin, àbíkẹ́yìn, ló fà mí wọ ọ̀rọ̀ náà. Ìparí ọdún 2023 ni. Òtútù mú lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo gbé ẹ̀bà mi ka orókò, ni ọmọ bá ní, "Dádì, ẹ wá wo nǹkan. Àwọn ará Brackley ni wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifísọ̀n."

Brackley kẹ̀? Ìlú kékeré tí kò tó wákàtí kan sí ọ̀dọ̀ wa nínú mọ́tò! Mo ní kí n wò ó díẹ̀ kí n tó lọ sùn. N kò mọ̀ pé oorun ti lọ nìyẹn.

Apá mẹ́rin ni ètò náà. Keanu Reeves, òṣèré sinimá tí gbogbo ayé mọ̀, ló ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò. Kì í kúkú ṣe eré sísá gan-an ló gbà wọ́n lọ́kàn, bí kò ṣe ẹ̀yìnkùlé: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti tì, tí kò sí òǹwòran. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ ni Brawn GP. Ọdún kan péré ni ẹgbẹ́ yìí lò láyé, ọdún 2009. Nínú ọdún kan yẹn, ife méjèèjì tó wà nínú Formula 1, ti dẹ́rẹ́bà àti ti ẹgbẹ́, àwọn ló kó o lọ.

Ẹ jẹ́ kí n là á fún ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, Honda, ilé-iṣẹ́ Japan tó ni ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, ní àwọn ò ṣe mọ́. Wọ́n ti ná owó rẹpẹtẹ, ọkọ̀ wọn ò sì yé gbẹ̀yìn. Bí 700 òṣìṣẹ́ ló wà ní Brackley tí wọn kò mọ ibi tí wọn yóò gbé orí lé. Ọ̀gá wọn ni Ross Brawn, ọkùnrin ńlá tó rọra ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ti bá Michael Schumacher gba ife léraléra nígbà tí wọ́n wà ní Ferrari. Òun àti Nick Fry pẹ̀lú àwọn mìíràn wá olówó tí yóò ra ẹgbẹ́ náà títí, wọn ò rí ẹni gidi. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2009, àwọn fúnra wọn rà á. Ẹ mọ iye tí wọ́n rà á? Pọ́n-ùn kan. Pọ́n-ùn kan ṣoṣo! N kò lè fi owó yẹn ra iṣu kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa níhìn-ín.

Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ra ẹṣin, ṣé kò ní wá koríko?" Lóòótọ́ Honda fi owó sílẹ̀ fún wọn láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n owó oṣù, owó táyà, owó ọkọ̀ òfuurufú, ọrùn Brawn ni gbogbo rẹ̀ wá wà.

Ibi tó kọ́kọ́ mú mi gbàgbé ẹ̀bà mi ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Honda ti kó tirẹ̀ lọ. Mercedes ní àwọn yóò fún wọn ní ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì Honda ni wọ́n ti ya ọkọ̀ náà fún. Ẹni tó bá ti dúró ní ọgbà mẹkáníìkì rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì Toyota sínú Peugeot, ṣé ẹ kàn máa jù ú síbẹ̀ ni? Wọ́n ní láti gé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, kí wọ́n tún un ṣe kó lè gba àlejò. Oṣù Kẹta, ìgbà tí ìdíje àkọ́kọ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ni ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ títì. Funfun báláú ni, bí ilé tí wọn ò tíì kùn, nítorí pé kò sí olówó tó fẹ́ lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n àṣírí kan wà nídìí rẹ̀. Lábẹ́ ìdí ọkọ̀ eré, ohun kan wà tó ń darí afẹ́fẹ́ kí ọkọ̀ lè lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Wọ́n rí àlàfo nínú òfin tuntun ọdún 2009, wọ́n sì ṣe tiwọn ní alájà méjì. Àwọn ẹgbẹ́ kan figbe ta pé ìrẹ́jẹ ni. Ní oṣù Kẹrin, àwọn adájọ́ eré náà ní kò lòdì sófin. Kí ìdájọ́ tó dé rárá ni wọ́n ti ṣe bẹbẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ní Melbourne, Jenson Button gba ipò kìn-ín-ní, Rubens Barrichello gba ipò kejì. Nínú ìdíje méje àkọ́kọ́, Button jáwé olúborí nínú mẹ́fà.

Ọmọ mi dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti kan ìdí iṣẹ́, níbi tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, mo sì ti mọ iye wọn kí tẹlifísọ̀n tó sọ ohunkóhun. Bí 270 ni. Ìròyìn rẹ̀ kárí àdúgbò wa lọ́dún náà. Mo rántí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọdún yẹn kan náà ni ìwé gbélé-ẹ wọ ilé-iṣẹ́ tiwa.

N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ̀yà ara mọ́tò akẹ́rù là ń ṣe. Àwa méjì la wà nídìí ẹ̀rọ kan, èmi àti ọkùnrin ará Ìjẹ̀bú kan tí mò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ló wá mi síṣẹ́ ọ̀hún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, pálọ̀ rẹ̀ ni mo sùn sí fún oṣù mẹ́ta, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fetí sí ẹ̀rọ. Á ní, "Tó bá ti ń sunkún, pa á. Má jẹ́ kó tó máa pariwo." Ọwọ́ rẹ̀ kò yá mọ́ bíi tèmi, ṣùgbọ́n n kò rí i kó ba ẹyọ kan jẹ́ rí.

Ní oṣù Kejì ọdún 2009, fóòmàn wa wá jókòó tì mí ní kántíìnì. Ó bi mí bí ẹni tó ń ṣàwàdà pé, "Ẹ̀rọ yín yẹn, ṣé ẹnì kan lè dá a ṣe?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi nìkan lè ṣe é."

Ẹ̀yin ará, irọ́ kọ́ ni mo pa. Mo lè dá a ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ìdáríkúrò ti ń yọ nígbà yẹn, gbogbo wa là ń gbọ́ òórùn rẹ̀, mo sì mọ ìdí tí fóòmàn fi béèrè. Ìyàwó mi wà nínú oyún. Oyún ọmọ tó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí gan-an ni. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí sí akíkanjú. N kò fi kún un pé nítorí pé a jẹ́ méjì ni ẹ̀rọ náà kì í fi í bàjẹ́. Mo bu tíì mi mu, mo sì dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí, wọ́n pè wá sí yàrá méjì. Èmi wà nínú ọ̀kan, Ẹ̀gbọ́n wà nínú èkejì. Nígbà tí mo jáde, ó ń fi bébà wé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n fi ọ́ sílẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ọlọ́run ṣé. Lọ tọ́jú ìyàwó rẹ." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó lọ.

Ó kó lọ sí Luton, ó ń wa takisí níbẹ̀. Nígbà tí a bímọ, n kò pè é síbi ìkómọ. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n óo pè é, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì di ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tajú kán rí i níbi àríyá kan ní London. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo gbà jáde, oúnjẹ mi wà lórí tábìlì.

Gbogbo èyí ló ń dà mí láàmú bí ètò náà ṣe ń lọ sópin. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 2009, ní São Paulo. Barrichello, ọmọ onílé, ló wà níwájú ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n táyà já a kulẹ̀, ipò kẹjọ ló bọ́ sí. Button bẹ̀rẹ̀ láti ipò kẹrìnlá, ó ń já ara rẹ̀ gbà láàárín àwọn ọkọ̀, ó sì parí ní ipò karùn-ún. Ìyẹn tó. Ife méjèèjì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Kí ọdún tó parí, Mercedes ra ẹgbẹ́ náà. Inú ilé-iṣẹ́ Brackley yẹn kan náà ni wọ́n ti gba ife ẹgbẹ́ lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́jọ láti 2014 títí dé 2021.

Àwọn ènìyàn ń dì mọ́ra, omijé ayọ̀ ń bọ́. Ni ọmọ mi bá yíjú sí mi.

"Dádì, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ ńkọ́? Ṣé wọ́n wo eré yẹn?"

Mo la ẹnu, n kò rí nǹkan sọ. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn wà níbẹ̀ lọ́dún 2008 tí wọ́n ń ya ọkọ̀ náà. Ọwọ́ wọn wà lára rẹ̀. Nígbà tó ń gba ipò kìn-ín-ní kiri ayé, bóyá àwọn kan nínú wọn jókòó nílé bí èmi ṣe jókòó yìí, tí ọmọ wọn ń pàtẹ́wọ́. N kò lè bá Brawn jà o. Bí kò bá já àwọn kan sílẹ̀, bóyá gbogbo wọn ni ì bá rì. Ṣùgbọ́n Brawn kò sọ pé òun kò mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ inú yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo pè é. Nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mo mọ ohùn rẹ. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé kò sí tí ìyàwó?"

Mo ní àlàáfíà ni. Mo kúnlẹ̀ tì bẹ́ẹ̀dì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi, mo sọ ọ̀rọ̀ kántíìnì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo parí, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ó ní, "Mo mọ̀. Fóòmàn sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn nínú yàrá. Ó ní ìwọ lo sọ pé o lè dá a ṣe."

Ara mi tutù. "Ẹ mọ̀, ẹ sì bọ̀ mí lọ́wọ́?"

"Kí n ṣe kí ni? Kí n lù ọ́? Ìwọ náà ń wá ohun tí ìyàwó rẹ máa jẹ. Ìyẹn dùn mí, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n kò ju oṣù mélòó kan lọ. Èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi ni pé o bímọ, o ò pè mí. Mo ti ra aṣọ ọmọ sílẹ̀."

Mo sunkún, ẹ̀yin ará. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ó jẹ́ kí n sun ún tán. Ó wá ní, "Sátidé, n kò ṣiṣẹ́. Mú ọmọ náà wá kí n rí i. Má wá lọ́wọ́ òfo o."

A lọ. Mo ra iṣu méjì, ìyàwó mi dín ẹja. Irun Ẹ̀gbọ́n ti funfun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yí padà. Lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọ mi ní dandan, àfi kí bàbá wo ètò náà. Ẹ̀gbọ́n wọ gíláàsì rẹ̀, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ní wọ́n gé ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè wọlé, ó na ìka sí tẹlifísọ̀n.

"Ta ló gé e? Àwọn ọ̀gá àti dẹ́rẹ́bà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi ẹni tó gé e hàn wá!"

Ọmọ mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, pọ́n-ùn kan ni Ross Brawn fi ra odindi ẹgbẹ́ tó gba ife àgbáyé. Ìpè fóònù láti Northampton sí Luton kò tó pọ́n-ùn kan. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi ṣahun rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà tí ẹ̀yin náà ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nítorí rẹ̀, ẹ dákun, ẹ pè é lónìí.