Ẹ Ka Nọ́ńbà Náà Dé Òpin

Nígbà tí màmá mi kó àjọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n yọ ìdajì rẹ̀ fún mi kí n fi kún owó tí mo ti ń kó jọ nídìí títẹ iṣẹ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ti sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà alágbèéká tí n ó fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ni mo fẹ́ rà. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Géèmù wà lọ́kàn mi.

Ní Computer Village, n'Íkẹjà, méjì ni owó mi ká. Ọ̀kan fẹ́lẹ́, ó ń dán, Core i7 ni. Èkejì nípọn, ó wúwo, Core i5 ni. Mo ti di i7 mú kí ẹ̀gbọ́n tó bá mi lọ tó ní, "Ka nọ́ńbà rẹ̀ tán ná."

i7-1165G7 ni. Core mẹ́rin péré ló ní, torí ẹ̀rọ fẹ́lẹ́ tí kì í jẹ iná ni wọ́n ṣe é fún, kọ̀ǹpútà náà kò sì ní káàdì àwòrán lọ́tọ̀. i5-12450H ni èkejì: core mẹ́jọ. Lẹ́tà H yẹn ni àmì àwọn tó lágbára. RTX 3050 tó ní 4GB tirẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní, "RAM, o lè fi kún un tó bá yá. Káàdì àwòrán, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Béèrè wáàtì rẹ̀ pẹ̀lú: RTX 3050 kan lè gba 35, kí òmíràn gba 80. Orúkọ kan náà, agbára ọ̀tọ̀."

Mo ra i5.

Nílé, màmá wò ó títí. "Ṣé iṣẹ́ ilé-ìwé ló nípọn báyìí?"

"Ẹ má bínú, Mà. Géèmù wà níbẹ̀."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Kí òun náà ṣiṣẹ́ kó tó ṣeré."

Ó ń ṣiṣẹ́. Mo ń fi ṣe àtúntò fídíò fún àwọn èèyàn, mo sì ti bá màmá dá àjọ oṣù méjì nínú èyí tó kù wọ́n kù. Bí wọ́n bá mú iná lọ, géèmù parí nìyẹn, torí bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú.

Ẹ̀yin àbúrò mi ní 100 level, kí ẹ tó sanwó, ẹ ka nọ́ńbà náà dé òpin. Kí ẹ sì sọ gbogbo òótọ́ fún ẹni tó ni owó.