Ẹ Má Pe Béárì Wá Jẹun: Ìpalẹ̀mọ́ fún Ìpàgọ́ ní Elkmont

Bí Yorùbá bá gbọ́ pé ẹnìkan fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, tó lọ sùn sínú igbó, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Kí ló lé e?" Lójú àwọn baba wa, ọdẹ ló ń sun igbó, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jìnnà ń sun abà, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá a lọ́nà. Ẹni tí kì í ṣe ọdẹ, tí kì í ṣe àgbẹ̀, tí kò sì sí ogun nílùú, kí ló wá ń wá nínú igbó lóru?

Ìbéèrè náà dára, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ṣòro. Àwọn ọmọ Yorùbá wà ní Amẹ́ríkà lónìí tí wọ́n ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ariwo ọkọ̀ kì í dákẹ́ létí wọn. Ìsinmi etí ni wọ́n ń wá. Àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tí ẹ ń múra àtilọ kí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ yín lọ́hùn-ún. Bí ẹni náà bá ń gbé ní Atlanta, ìrìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin nínú ọkọ̀ ni yóò gbé yín dé ibi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Igbó ọba

Igbó ọba ni àwọn àgbà wa ń pe igbó tí ìjọba fi òfin dáàbò bò, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko tàbí ṣọdẹ níbẹ̀ bó ṣe wù ú. Irú igbó ọba bẹ́ẹ̀ ni Great Smoky Mountains, ọgbà orílẹ̀-èdè tó wà ní ààlà ìpínlẹ̀ Tennessee àti North Carolina. Ọdún 1934 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nínú gbogbo ọgbà irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òun ni èrò ń wọ́ lọ jù. Ní ọdún 2023 nìkan, iye ìgbà tí àwọn èèyàn wọ ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 13.

Elkmont ló tóbi jù nínú àwọn ibùdó àgọ́ inú ọgbà náà. Ó fi ẹsẹ̀ bàtà 2,150 ga ju òkun lọ. Àyè bíi 200 ni wọ́n pín síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ààrò àti tábìlì tirẹ̀. Odò Little River ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ibùdó náà kọjá. Odò olókùúta ni, kì í sì í dákẹ́ lóru. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìlú àwọn agégẹdú ni Elkmont; ilé-iṣẹ́ Little River Lumber Company la ojú irin wọ inú òkè láti kó gẹdú jáde. Ọ̀pọ̀ igi tí ẹ máa sùn sábẹ́ rẹ̀ lónìí hù lẹ́yìn tí àwọn agégẹdú kó àáké wọn lọ tán ni.

Kí àwọn agégẹdú tó dé, àwọn Cherokee ló ni òkè yìí. Ní ọdún 1838, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi agbára lé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì kú nínú ìyà náà. Àwọn díẹ̀ kò lọ; àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ṣì ń gbé lẹ́nu ààlà ọgbà náà ní ìhà North Carolina. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n dá orúkọ Kuwohi padà fún òkè tó ga jù níbẹ̀, èyí tí wọ́n ti ń pè ní Clingmans Dome láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ Yorùbá kò nílò kí ẹnìkan ṣàlàyé fún un ohun tí orúkọ jẹ́. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, kó mọ̀ pé àlejò ni òun.

Oṣù mẹ́fà ṣáájú

Ìrìn-àjò yìí kì í ṣe ti ẹni tó jí lọ́jọ́ Ẹtì tó ní òun ń lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Recreation.gov, ni wọ́n ti ń gba àyè, oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ dé ni wọ́n sì máa ń ṣí i sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìparí ọ̀sẹ̀ nínú oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹwàá kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Láti ọdún 2023, dọ́là 30 ni wọ́n ń gbà lórí àyè kan fún alẹ́ kan. Wọn kì í gba owó ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sí ibòmíràn nínú ọgbà fún ohun tó ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ ra ìwé ìgbọ́kọ̀sí: dọ́là 5 fún ọjọ́ kan, 15 fún ọ̀sẹ̀ kan, 40 fún ọdún kan.

Ènìyàn mẹ́fà ni àyè kan gbà. Mo tún un sọ fún ẹ̀yin tí ẹ kì í lè jáde láì kó ẹgbẹ́ dání: mẹ́fà. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́fà òwúrọ̀, ariwo di èèwọ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbọ́ fújì, ẹ jẹ́ kó sinmi nílé.

Ẹni tó bá lè lọ láàárín ìparí oṣù Karùn-ún sí àárín oṣù Kẹfà yóò rí ohun tí ojú kì í sábà rí. Irú tanátaná kan wà ní Elkmont tí àwọn akọ rẹ̀ máa ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo wọn yóò sì tún kú lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ẹni pé ẹnìkan ló ń tan iná gbogbo igbó náà tó sì ń pa á. Èrò tó ń wá wò ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ kí wọ́n tó mọ ọkọ̀ tí yóò wọlé lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba àyè àgọ́ ní Elkmont ní àkókò náà kò nílò kèké. Ìdí nìyẹn tí àyè àkókò náà fi ń tètè tán.

Ẹrù tí ẹ ó dì

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí kò sí ní Elkmont ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Kò sí iná mànàmáná lójú àgọ́, kò sí balùwẹ̀, kò sí omi gbígbóná. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi wà, omi ẹ̀rọ tútù tó ṣeé mu sì wà. Fóònù kì í sábà gbé níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi àwòrán ojú ọ̀nà pamọ́ sórí fóònù yín kí ẹ tó kúrò ní ìlú Gatlinburg, kí ẹ sì pe màmá yín níbẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé igbó ti gbé yín mì.

Òjò pọ̀ lórí òkè yìí. Ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, nǹkan bí íǹṣì 55 ló ń rọ̀ lọ́dún. Ní Kuwohi, ó tó 85. Ẹ mú àgọ́ tó ní ìbòrí òjò, kí ẹ sì tẹ́ tapólì sábẹ́ rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán lè mú kí àágùn bò yín, síbẹ̀ òtútù òru ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú kékeré wò. Ilẹ̀ tútù máa ń fa ooru ara, nítorí náà ẹ tẹ́ ẹní tó nípọn sábẹ́ àpò ìsùn. Aṣọ ìbora nìkan kò tó. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan ní tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀.

Ẹ má kó igi ìdáná láti ilé. Igi tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀, tí ìwé ẹ̀rí sì wà lára rẹ̀, nìkan ni òfin gbà kí ẹ gbé wọlé. Ó wà ní ìsọ̀ lágbègbè náà. Òfin yìí kì í ṣe àṣejù. Igi chestnut kún òkè yìí nígbà kan rí kí àrùn tó wá láti òkè òkun tó pa á run. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kòkòrò kékeré kan tó wá láti ilẹ̀ Éṣíà tún dojú kọ igi hemlock. Ìdì igi kan péré nínú búùtù ọkọ̀ lè gbé ikú igbó dání.

Odò náà fani mọ́ra, ó sì léwu. Rírì sómi wà lára àwọn ohun tó ń pa èèyàn jù nínú ọgbà yìí. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀, ìṣàn rẹ̀ lágbára, òjò tó rọ̀ lókè sì lè mú kí odò kún nísàlẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ nínú adágún òtẹ́ẹ̀lì, kó má rò pé òun mọ odò òkè wẹ̀. Kí ojú àgbàlagbà má sì kúrò lára ọmọdé létí omi.

Ẹni tí a kì í pè

Yorùbá kì í jẹun lójú ẹni kí wọ́n má pè é. Bí àjèjì bá bá wa nídìí oúnjẹ, "Ẹ wá jẹun" ló ń jáde lẹ́nu wa kí a tó ronú. Nínú igbó yìí, ẹ̀dá kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ pè. Nǹkan bí 1,900 béárì dúdú ló ń gbé inú ọgbà náà, imú wọn sì mú gan-an.

Béárì kì í ṣe ọ̀tá ènìyàn. Èso, ewé àti kòkòrò ló ń jẹ jù. Ṣùgbọ́n bó bá tọ́ oúnjẹ ènìyàn wò lẹ́ẹ̀kan, yóò padà wá. Bó bá ti ń padà wá, ẹ̀rù ènìyàn yóò kúrò lójú rẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa àgọ́ ya, yóò máa fi ipá ṣí ọkọ̀. Nígbà tó bá dé orí ìyẹn, ó lè di dandan kí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó pa á. Ẹni tó ju egungun adìyẹ sẹ́yìn àgọ́ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Béárì ni yóò san gbèsè náà. Òfin pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré: owó ìtanràn lè tó dọ́là 5,000, ẹ̀wọ̀n sì lè tó oṣù mẹ́fà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan àwa gan-an. Oúnjẹ wa ń ta sánsán, ìyẹn sì wà lára ẹwà rẹ̀. Bí aládùúgbò tó wà lójúlé kejì bá lè gbọ́ òórùn irú àti ẹja gbígbẹ, ta ni yóò wá sọ ti béárì? N kò ní kí ẹ máa jẹ búrẹ́dì gbígbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ se ọbẹ̀ ata díndín àti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nílé, ẹ jẹ́ kó dì, kí ẹ tó kó o sínú kúlà, kó lè jẹ́ pé gbígbóná nìkan ló kù lójú ààrò. Ẹ dín in sí ìwọ̀n tí ẹnu lè jẹ tán. Lóde àríyá, oúnjẹ tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọlọ́jọ́ ṣe é dáadáa. Níbí, ìkòkò òfìfo ni iyì. Gàrì dára fún ọ̀sán: kò wúwo, kò nílò yìnyín, omi tútù kò sì ṣòro rí.

Ẹ jẹun alẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ bá jẹ tán, ohun gbogbo tó bá ní òórùn gbọ́dọ̀ wọ inú ọkọ̀, kí ẹ sì ti fèrèsé pa: kúlà, ìkòkò, àpò gàrì, ìgò wàrà ọmọ, ọṣẹ ìfọyín, ìpara, lọ́fíńdà. Ẹ kó pàǹtí sínú àpótí onídèérí tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ má da omi ìfọbọ́ sílẹ̀ tàbí sínú odò. Nínú àgọ́, oúnjẹ kankan kò gbọdọ̀ sùn tì yín, kódà bó jẹ́ ẹ̀pà tó wà nínú àpò ṣòkòtò.

Bí ẹ bá rí béárì, ẹ má sáré, ẹ má sì sún mọ́ ọn nítorí fọ́tò. Òfin ní kí àlàfo tó wà láàárín yín má dín ní yáàdì 50. Ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, kí ojú yín wà lára rẹ̀. Bó bá ń tẹ̀ lé yín, ẹ dúró, ẹ pariwo, ẹ sọ ọ́ lókò. Bó bá tilẹ̀ kọlù yín, ẹ bá a jà. Béárì dúdú kì í ṣe èyí tí à ń ṣe bí òkú fún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ ó lọ, ẹ da omi sórí eérú títí ọwọ́ yóò fi lè kàn án. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé wá abẹ́ tábìlì, nítorí ojú wọn ló ń tètè rí èérún. Béárì lè gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́ ọjọ́ náà. Yóò gbé imú sókè, kò ní gbọ́ òórùn ìrẹsì tàbí ti ẹran, yóò sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ síbi tí èso igbó ti pọ́n dè é.