Géèmù Tó Ń Ka Ìwà

Ní ọdún 1983, Richard Garriott pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ kan dá ilé-iṣẹ́ Origin Systems sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé géèmù Ultima III jáde. Ìgbà náà ni lẹ́tà àwọn tó ń gbá géèmù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn kan ń fọ́nnu bí wọ́n ṣe ja àwọn ará ìlú inú géèmù lólè, tí wọ́n sì pa wọ́n kí wọ́n lè tètè borí. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ Sátánì ló ń ṣe.

Ultima IV, tó jáde ní 1985, ni Garriott fi dá wọn lóhùn. Kò sí ọ̀gá ìkà kankan láti pa níparí rẹ̀. Ìwà mẹ́jọ ni akọni gbọ́dọ̀ ní. Òtítọ́, àánú, ìgboyà àti ìrẹ̀lẹ̀ wà nínú wọn.

Ohun tó fara sin lábẹ́ rẹ̀ ló wù mí jù. Obìnrin afọ́jú kan ń ta èròjà oògùn. Ìwọ lo máa ka owó sí i lọ́wọ́. Bí o bá san owó wúrà kan fún ọjà ogún, yóò gbà á láìjiyàn. Kọ̀ǹpútà náà ò ní sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n yóò yọ nínú máàkì òtítọ́ rẹ. Sá lójú ìjà, ìgboyà rẹ dín kù. Ta alágbe lọ́rẹ, àánú rẹ gòkè. Àwọn àgbà ní amòòkùn ṣolè, bí ọba ayé ò rí i, tọ̀run ń wò ó. Lord British ni ọba ayé níbẹ̀, ìnagijẹ Garriott alára sì ni. Kọ̀ǹpútà ló jókòó sípò tọ̀run.

Èmi ti ka gbogbo àṣírí yìí tán kí n tó gbá géèmù náà rárá. Mo san owó obìnrin afọ́jú náà pé, àmọ́ n kò lè búra pé òtítọ́ ló sún mi ṣe é. Alágbe ńkọ́? Owó wúrà kan péré ni mo fún un, torí mo mọ̀ pé ìyẹn náà tó láti gba máàkì. Ọmọ tó gbá a ní 1985 kò mọ iye tí wọ́n ń kà fún un. Bó bá ṣe rere, bóyá ó kàn rò pé ó yẹ ni.

Ìwà tí a ti rí ìwé máàkì rẹ̀ ti di ìdánwò. Ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe géèmù yìí dùn-ún kà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí òun jẹ́ nínú rẹ̀, kó kọ́kọ́ gbá a ná.